Kí Ni Ìtumọ̀ Crowther?

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe orúkọ tiwa, orúkọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni, ọ̀kan ṣoṣo ni mo sì mú nínú wọn, nítorí pé ó ṣòro kí a rí ọmọ Yorùbá tó lọ sí ilé-ìwé tí kò mọ̀ ọ́n. Crowther ni orúkọ náà. A mọ̀ ọ́n nítorí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí, ẹni tó ṣe aṣíwájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, tó sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí Ìjọ Áńgílíkà fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ní 1864. Orúkọ rẹ̀ wà lára ilé-ìwé, ó wà lára òpópónà. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ènìyàn mẹ́wàá léèrè pé kí ni Crowther túmọ̀ sí, mẹ́sàn-án nínú wọn yóò ní orúkọ onígbàgbọ́ ni. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan là á mọ́ mi lójú pé adé ni Crowther túmọ̀ sí. Òmíràn ní rárá, ọ̀pọ̀ èrò ni. Kò sí adé níbẹ̀, kò sì sí èrò. Onígòjé ni Crowther túmọ̀ sí.

Bẹ́ẹ̀ ni, onígòjé. Ẹni tó ń gbé ohun èlò olókùn káàkiri, tó ń ta á níbi ìgbéyàwó àti níbi ọtí, tí a sì ń fún ní kọ́bọ̀. Bí orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe rìn títí tó fi bá ọmọ Ọ̀sọ́ọ̀gùn ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí orúkọ ìdílé ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ́ orúkọ méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà kan rí, orúkọ kan ṣoṣo ni oníkálukú wọn ń jẹ́. Ní 1066 ni William, ìjòyè ńlá ará Normandy, fi ogun gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò pẹ́ tí àwọn ará ilẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ àwọn aṣẹ́gun sọ ọmọ wọn. William kún ìgboro, Richard kún un, Robert kún un, John náà sì dé, ó gba iwájú lọ. Bí ènìyàn bá dúró ní àárín abúlé tó pe John, ọkùnrin méje lè dáhùn. Kí ni wọn yóò ti ṣe é? Ohun tí àwa náà ń ṣe ní àdúgbò wa ni wọ́n ṣe. Bí Ìyá Bọ́sẹ̀ bá pọ̀ jù ládùúgbò, a ó pe ọ̀kan ní Ìyá Alákàrà, a ó pe èkejì ní Ìyá Aláṣọ, ọ̀rọ̀ ti yanjú.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń fi orúkọ bàbá mọ ẹlòmíràn, wọ́n ń fi òkè tàbí igbó tí ilé rẹ̀ wà mọ ẹlòmíràn, wọ́n sì ń fi àwọ̀ ara tàbí gíga àti kúkúrú mọ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. John tó ń rọ ọkọ́ di John Smith, èyí ni John Alágbẹ̀dẹ. Èyí tó ń ránṣọ di Taylor, orúkọ tó wá láti inú èdè Faransé tí àwọn aṣẹ́gun ń sọ. Èyí tó ń kan àgbá onígi di Cooper. Akọ̀wé di Clark. Walker máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí gbogbo ènìyàn rò pé alárìnkiri ni. Ìrìn rẹ̀ kò kúrò lójú kan: aṣọ irun àgùntàn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ hun ni ó ń fi ẹsẹ̀ gún mọ́lẹ̀ nínú omi láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, kí òwú rẹ̀ lè sùn mọ́ra kí aṣọ náà sì ki.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, orúkọ wọ̀nyí kì í ju ọjọ́ ayé ẹni tó ń jẹ́ wọn lọ. Bí ọmọ alágbẹ̀dẹ bá kọ́ iṣẹ́ búrẹ́dì, Baker ni àdúgbò yóò máa pè é, kò sí ohun tó kàn án mọ́ pẹ̀lú Smith. Ohun tó wá so orúkọ bàbá mọ́ ọmọ lọ́rùn ni ìwé. Àwọn akọ̀wé ọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ènìyàn sílẹ̀ nítorí ilẹ̀, nítorí ẹjọ́, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí owó orí. Ẹ má ṣe rò pé àwa nìkan ni a jẹ ìyà owó orí láyé. Ní 1377, ní 1379 àti ní 1381 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bù ú lé àwọn ènìyàn wọn lórí. Akọ̀wé yóò wọ abúlé, yóò béèrè orúkọ, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ní apá ìwọ̀ oòrùn Yorkshire, ìwé owó orí ti 1379 ṣì wà dòní, a sì rí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn. Ìgbà kẹta tí wọ́n gba owó náà ni àwọn mẹ̀kúnnù fárí gá tí wọ́n sì ya bo Lọ́ńdọ̀n. Ọkùnrin tó ṣíwájú wọn ń jẹ́ Wat Tyler. Orúkọ iṣẹ́ ọwọ́ ni èyí náà: Tyler ni ẹni tó ń fi amọ̀ sísun pẹlẹbẹ bo òrùlé ilé. Nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn fi parí, ọ̀pọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní orúkọ kan tí bàbá fi ń lé ọmọ lọ́wọ́, ìbáà ṣe pé ọmọ ń ṣe iṣẹ́ náà tàbí kò ṣe é.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a pada sọ́dọ̀ onígòjé wa.

Ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ilẹ̀ Wales wà. Èdè tiwọn yàtọ̀ pátápátá sí Gẹ̀ẹ́sì, òun ló sì ti wà ní erékùṣù náà kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Wọ́n ní ohun èlò olókùn kan tí wọ́n ń pè ní crwth. Bí ẹ bá rí i lójú ìwé, ẹ ó ní kò sí fáwẹ́lì nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n fáwẹ́lì ni lẹ́tà w lọ́dọ̀ wọn, bíi u tiwa nínú ọ̀rọ̀ “ìlú” ni wọ́n sì ń pè é. Ohun èlò àtijọ́ gbáà ni. Ní nǹkan bí 1,400 ọdún sẹ́yìn, akéwì kan tó ń jẹ́ Venantius Fortunatus, tó padà di bíṣọ́ọ̀bù ìlú Poitiers ní ilẹ̀ Faransé, ti dárúkọ ohun èlò àwọn ará Britain yìí nínú ewì rẹ̀ ní èdè Látìn. Nígbà náà, ìka ni wọ́n fi ń ta okùn rẹ̀. Lẹ́yìn 1000 ni ọ̀pá onírun ẹṣin tí a fi ń ha okùn tàn dé ilẹ̀ Yúróòpù, crwth náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Ẹni tó bá mọ gòjé wa kò ní ṣe wàhálà púpọ̀ kó tó mọ crwth. Gòjé tí àwọn onísákárà ń lò, irú èyí tó ń ké nínú orin Yusuf Ọlátúnjí, igbá ni ara rẹ̀, awọ ni a fi bo ojú rẹ̀, okùn kan tí a fi irun ẹṣin ṣe ni ó ní. Crwth kò ní igbá, kò sì ní awọ. Láti inú odindi igi ni a ti gbẹ́ ẹ, igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba bí àpótí pẹlẹbẹ, a sì lu apá òkè rẹ̀ já ní ọ̀tún àti ní òsì kí ọwọ́ lè ráyè gba ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ okùn. Okùn mẹ́fà ni ó ní. Mẹ́rin ni a ń fi ìka tẹ̀. Méjì yòókù gba ẹ̀gbẹ́ kan lọ, àtàǹpàkò ọwọ́ òsì ló sì máa ń já wọn pẹ́ṣẹ́-pẹ́ṣẹ́.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ jù ni igi kékeré tó gbé àwọn okùn náà dúró. Lára fayolíìnì, igi yìí tẹ̀ kọ̀rọ̀dọ̀, kí olórin lè ha okùn kan láìfọwọ́ kan èkejì. Ti crwth rí pẹrẹsẹ. Nítorí náà, bí ọ̀pá bá ti kàn án, okùn bíi mélòó kan á ké pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan á máa sọ̀rọ̀ orin, àwọn yòókù á máa hun tẹ̀lé e láìdákẹ́. Lẹ́yìn èyí, igi náà ní ẹsẹ̀ méjì, ọ̀kan gùn ju èkejì lọ. Èyí tó gùn gba inú ihò ojú ohun èlò náà wọlé lọ fi orí kan ẹ̀yìn rẹ̀ nísàlẹ̀, kí iwájú àti ẹ̀yìn lè jọ máa gbọ̀n. Ta ni kò ní yìn ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Orin kì í mọ ààlà. Crwth kọjá láti Wales bọ́ sí àárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu wọn sì yí orúkọ rẹ̀ pada. Àwọn kan ń pè é ní crouth, àwọn kan ní croude, èyí tó di crowd. Kò bá crowd tó túmọ̀ sí ọ̀pọ̀ èrò tan rárá. Láti inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan tó túmọ̀ sí títì àti fífún mọ́ra ni ìyẹn ti wá, àwọn méjèèjì kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni. Nígbà tí John Wycliffe àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì sí Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí 1380, wọ́n dé ibi ìtàn ọmọ onínàákúnàá nínú ìwé Lúùkù, níbi tí ẹ̀gbọ́n ti ń bọ̀ láti oko tó gbọ́ ariwo àríyá nínú ilé. Nínú Bíbélì ti Wycliffe, crowd wà lára ohun tí ẹ̀gbọ́n náà gbọ́. Ẹ rí i bí ohun èlò yìí ti wọ́pọ̀ tó nígbà yẹn, tí wọ́n fi mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ náà bá dé etí àgbẹ̀ lásán, yóò yé e.

Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi -er sí ìdí ọ̀rọ̀ láti sọ ẹni tó ń ṣe nǹkan, bí àwa ṣe ń fi oní- sí iwájú. Oní-gòjé, crowd-er. Báyìí ni Crowder ṣe jáde, tí Crowther sì jáde pẹ̀lú rẹ̀. D àti th máa ń gbapò ara wọn nínú èdè náà: fader àti moder ni wọ́n ń kọ látijọ́ kó tó di father àti mother. Apá ìwọ̀ oòrùn Yorkshire, ní agbègbè Huddersfield àti Halifax, ni Crowther fi ìdí kalẹ̀ sí jù lọ. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu òyìnbó kan lónìí, ó ṣeé ṣe kí baba ńlá rẹ̀ ti ibẹ̀ wá.

Irú ènìyàn wo wá ni onígòjé yìí lójú àwọn ará ìlú rẹ̀? Ní Wales, wọ́n tò wọ́n sípò. Ní 1523 àti ní 1567, ìdíje ńlá wáyé ní ìlú Caerwys, ti èkejì sì jẹ́ nípa àṣẹ Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní. Àwọn akéwì, àwọn atadùùrù àti àwọn tó ń ta crwth ni wọ́n dán wò níbẹ̀, wọ́n sì fún ẹni tó yege ní oyè gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ rẹ̀ ti tó. Ẹni tó bá gba oyè lè wọ ilé àwọn ọlọ́lá kí ó sì gba ẹ̀bùn. Kí ni ìdí ìdánwò yìí? Kí wọ́n lè ya olórin gidi sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí ìjọba kà sí alárìnkiri aláìníṣẹ́. Ẹni tí kò bá rí oyè gbà, a ó ní kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ojú tí wọ́n fi ń wò ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin 1572 ka àwọn olórin tó ń rìn kiri láìní olúwa tàbí ìwé àṣẹ mọ́ àwọn alágbe àti àwọn ìsáǹsá, a sì lè na irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́gba. Sir Philip Sidney, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà, kọ ìwé kan tó ń gbèjà ewì, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1595 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ fi hàn pé ewì àtijọ́ lè wọni lára kódà lẹ́nu ẹni yẹpẹrẹ, afọ́jú tó ń ta crowd ló fi ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà ìjọba Cromwell, ní 1657, òfin tún jáde pé kí a mú àwọn onígòjé tó bá ń ṣeré ní ilé ọtí.

Alágbe! Ṣé ọ̀rọ̀ náà jọ ohun tí ẹ ti gbọ́ rí? Àwa náà ni a ń pe ẹni tó ń tọrọ owó ní alágbe, tí a sì ń pe onílù àti olórin ní alágbe. Mélòó nínú wa ni bàbá rẹ̀ kò bá wí nígbà èwe pé, “Ṣé alágbe lo fẹ́ dà ni?” nítorí pé ó gbé ìlù mọ́ra? Ojú kan náà ni òyìnbó fi wo Crowther àkọ́kọ́.

Kí ló wá dé tí àwọn ọmọ onígòjé kò fi pa orúkọ náà tì? Ìdí rẹ̀ ni pé orúkọ náà ti ya ara rẹ̀ kúrò lára iṣẹ́. Fayolíìnì dé láti òkè òkun, ohùn rẹ̀ mú, ó sì gba gbogbo ijó lọ́wọ́ crwth. Ní 1770, agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Daines Barrington ka ìwé fún ẹgbẹ́ àwọn tó ń wá ohun àtijọ́ ní Lọ́ńdọ̀n, ó sì ní òun mọ ọkùnrin kan, John Morgan, ní erékùṣù Anglesey ní Wales, tó ṣì ń ta á. Ó kù díẹ̀ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n tán pátá. Bí ohun èlò ti ń lọ ni ọ̀rọ̀ náà ń tẹ̀lé e kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ó kù kìkì orúkọ ìdílé. Ní Yorkshire, aṣọ híhun ni ọ̀pọ̀ àwọn Crowther ń ṣe nígbà yẹn, àwọn kan nínú wọn sì di ọlọ́rọ̀ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ. Nígbà tí Thomas Armstrong fẹ́ kọ ìwé ìtàn àròsọ nípa ìdílé alágbára kan tó ní ilé-iṣẹ́ aṣọ ní agbègbè náà, Crowther ni ó sọ wọ́n. Ìwé náà jáde ní 1940. Kò sẹ́ni tó rántí gòjé mọ́.

Lára àwọn tó ń jẹ́ orúkọ yìí ni àlùfáà kan wà ní Lọ́ńdọ̀n, Samuel Crowther. Láti 1800 títí di 1829 tó kú ni ó fi jẹ́ àlùfáà Christ Church ní òpópónà Newgate. Ṣọ́ọ̀ṣì tó rẹwà ni. Ayàwòrán ilé tó lókìkí nì, Christopher Wren, ló tún un kọ́ lẹ́yìn iná ńlá ti 1666. Bọ́ǹbù àwọn Jámánì sọ ọ́ di ahoro ní alẹ́ 29 Oṣù Kejìlá, 1940, ṣùgbọ́n ilé gogoro rẹ̀ ṣì dúró, wọ́n sì ti sọ àárín ògiri rẹ̀ di ọgbà òdòdó. Ẹni tó bá lọ sí Lọ́ńdọ̀n lè yà síbẹ̀. Àlùfáà yìí jẹ́ ọmọ Ẹgbẹ́ C.M.S. láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Ẹ̀yin ti mọ èyí tó kàn. Ní 1821 ni ogun kó Ọ̀sọ́ọ̀gùn, wọ́n sì mú Àjàyí lẹ́rú pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí tó fi dé ọwọ́ Potogí ní Èkó. Ní Oṣù Kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Myrmidon gba ọkọ̀ ẹrú náà lójú omi, ó sì kó wọn lọ sí Sàró. Àjàyí kọ́ ìwé níbẹ̀. Ní 11 Oṣù Kejìlá, 1825, ó ṣèrìbọmi, a sì fi orúkọ àlùfáà Newgate náà sọ ọ́, tọwọ́-tẹsẹ̀: Samuel Crowther.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe ní Sàró. Orúkọ àwọn tó ran ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fi sọ àwọn tí a gbà kúrò lóko ẹrú. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó wo Àjàyí bóyá ó mọ gòjé í ta. Ẹ wá gbọ́ èyí tó yà mí lẹ́nu. Ahunṣọ ni bàbá Àjàyí ní Ọ̀sọ́ọ̀gùn. Bí ó bá jẹ́ pé akọ̀wé owó orí ti 1379 nì ló bá wọn nílé, Webster ni ìbá kọ sílẹ̀ fún wọn, nítorí ahunṣọ ni Webster túmọ̀ sí. Ọmọ ahunṣọ Yorùbá wá di onígòjé ní orúkọ, nígbà tí àwọn ọmọ onígòjé ní Yorkshire ti di ahunṣọ.

Orúkọ náà kò sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, tó padà di ọ̀kan nínú àwọn àgbà àlùfáà ní ẹnu odò Ọya, ń jẹ́ Dandeson Coates Crowther. Dandeson Coates ni akọ̀wé Ẹgbẹ́ C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀n. Orúkọ mẹ́ta, Lọ́ńdọ̀n ni gbogbo wọn ti wá. Nígbà tí àwọn Sàró bẹ̀rẹ̀ sí í pada wálé ní nǹkan bí 1839, wọ́n kó Taylor, Johnson, Williams àti Cole bọ̀ wá sí Èkó àti Abẹ́òkúta, àwọn ará ilé sì ń wò wọ́n bí ènìyàn pàtàkì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí nìyí. Láàárín àkókò kan náà, ẹ̀rù orúkọ ilé wọn ń ba àwọn onígbàgbọ́ titun. Ẹni tó ń jẹ́ Ògúnbíyìí sọ ọ́ di Olúbíyìí. Ẹni tí Ifá wà níwájú orúkọ rẹ̀ fi Jésù rọ́pò rẹ̀. Ọmọ onílù tó ń jẹ́ Àyándélé tàbí Àyánwálé rí i pé Àyàn tó wà níwájú orúkọ òun, tó ń sọ fún gbogbo ayé pé ìdílé onílù ni òun ti wá, kò dùn mọ́ àwọn olùkọ́ òun nínú. Ó pa á tì, ó sì gba orúkọ òyìnbó. Ẹnì kan lè wí pé òrìṣà ni Àyàn, pé iṣẹ́ lásán ni Crowther, pé wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. Òótọ́ wà níbẹ̀, n kò sẹ́ ẹ. Orúkọ tiwa máa ń dárúkọ òrìṣà iṣẹ́ náà, ti Gẹ̀ẹ́sì máa ń dárúkọ òṣìṣẹ́. Tiwa, ìdílé ni ó ń fún ọmọ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Tiwọn, ẹnu àwọn aládùúgbò ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ṣé nítorí òrìṣà nìkan ni a fi kọ Àyàn sílẹ̀? Àbí nítorí pé a ti gbà pé iṣẹ́ alágbe ni ìlù? Bí ó bá jẹ́ ti alágbe ni, a jẹ́ pé a ju orúkọ onílù sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, a sì fi ọwọ́ òsì gba orúkọ onígòjé, a wá ń pe èyí òsì ní orúkọ ọ̀làjú.

Àwọn kan rí i ní àkókò tiwọn. David Brown Vincent, àlùfáà Ìjọ Onítẹ̀bọmi, pa orúkọ náà tì ní 1894, ó sì ń jẹ́ Mojọlá Agbébì títí tó fi kú. Àjàyí kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀, n kò sì rí ohun tí a lè fi dá a lẹ́bi. Orúkọ ẹni tó ran àwọn tó tọ́ ọ lọ́wọ́ ni, ó sì fi iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di nǹkan ńlá. Ṣùgbọ́n kò ju Àjàyí sílẹ̀. Àmútọ̀runwá ni Àjàyí, orúkọ ọmọ tó dojú bolẹ̀ wá sáyé; kò sí òrìṣà nínú rẹ̀, kò sí iṣẹ́ nínú rẹ̀. Nígbà tó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí ẹrú ti yà wọ́n, òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ìyá náà di òun lọ́wọ́ mú, ó sì ń fi àwọn orúkọ tí wọ́n fi ń pe òun ní kékeré pe òun.

Ní ti crwth fúnra rẹ̀, díẹ̀ ló kù nínú àwọn ti àtijọ́. Ọ̀kan wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-pamọ́sí ní St Fagans, nítòsí Cardiff, olú-ìlú Wales, tí a kọ 1742 sí lára. Láti àwọn ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn agbẹ́gilére ti ń wo irú rẹ̀ gbẹ́ titun, àwọn ọ̀dọ́ olórin sì ti ń kọ́ ọ láti òdo, nítorí kò sí àgbà kankan tó kù láti fi ọwọ́ hàn wọ́n. Mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Ó rinlẹ̀ ju ti fayolíìnì lọ, ó sì ní kíkùn kan lábẹ́, bí ìgbà tí àgbà méjì mẹ́ta bá ń hùn-ún sí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń ta á ní Wales lónìí, crythor ni wọ́n ń pè é ní èdè wọn.